Ṣé O Mọ̀ Pé "Go" Kọ́ Ló Bí "Went"?

Nígbà tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sí Agbowó, Sáńgo àti Mọ́kọ́lá bá rọlẹ̀ díẹ̀ ní gáréèjì Òjóò, n'Ìbàdàn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wàá gbọ́ orin mìíràn láti ojú fèrèsé àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣe lesson: "Go, went, gone! Eat, ate, eaten! Bring, brought, brought!" Ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń lé e, tíṣà ń fi pàṣán gbá tábìlì. Èmi náà lé orin yìí nígbà èwe mi, mo sì jẹ nínú pàṣán rẹ̀. Mo kọ "teached" sínú ìwé, wọ́n nà mí lójú gbogbo kíláàsì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi ìdí tí "reach" fi ń di "reached", tí "teach" tí wọ́n jọ ń dún bákan náà fi kọ̀ tí kò di "teached". Ó dùn mí títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ohun ìyanu wọ̀nyí jọ, kí ọmọ tó ń lé orin náà lónìí lè mọ̀ pé ìtàn wà nídìí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé "go" kọ́ ló bí "went"? Ọmọ ilé mìíràn ni. "Wend" ni òbí rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí èèyàn yà, kó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí "send" ṣe ń di "sent", tí "bend" ń di "bent", bẹ́ẹ̀ ni "wend" ṣe ń di "went". "Go" ní tirẹ̀ nígbà náà: ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "eode" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé èèyàn lọ. Nígbà tó yá, "eode" kú. Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọkọ bá kú tí aya ṣẹ́ kù: "went" ló ṣú "go" lópó. Kí ọdún 1500 tó pé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Wend" fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ó ti lọ wá "wended" fún ara rẹ̀, torí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ti di ti ilé onílé.

Ṣé o mọ̀ pé irú ìpààrọ̀ yìí wà lẹ́nu ìwọ náà? Béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣeré lójúde pé, "Ṣé ìyá ẹ wà nílé?" Bí ìyá bá wà, yóò ní, "Wọ́n wà nílé." Bí ìyá bá ti lọ sọ́jà, kò ní sọ pé, "Wọn ò wà nílé", "Wọn ò sí nílé" ni wàá gbọ́. "Wà" ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, "sí" ti bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "èmi ni" ṣe ń di "èmi kọ́", tí "ni" àti "kọ́" kò sì jọ ara wọn níbì kankan. Kò sí tíṣà tó kọ èyí sára pátákó fún wa, kò sì sí ẹni tó nà wá nítorí rẹ̀. Etí wa ló gbà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fura sí i, ìbẹ̀rù tí "went" ti dá sí mi lára láti kékeré fò lọ, torí mo rí i pé ẹbí "sí" ni.

Àmọ́ ibì kan wà tí èdè méjèèjì ti yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣubú. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà tìtorí àná. "Lọ" ni lánàá, "lọ" ni lónìí, "lọ" náà ni lọ́la; àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń ru ẹrù àsìkò: ó ń lọ, ó ti lọ, ó máa lọ, ó máa ń lọ. Ṣé o wá mọ̀ pé bí kò bá tiẹ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀, a ṣì ń mọ àkókò? Ẹni tó bá sọ pé "mo ra ata lọ́jà Ṣáṣá" ti rà á tán, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "mo mọ Ṣáṣá" ṣì mọ ibẹ̀ títí di òní. Kò sí "ti", kò sí "ń", síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ àná, èkejì jẹ́ ìsinsìnyí. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe máa ń wo ẹ̀yìn, ipò tí a wà máa ń wo òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ń gbé èèyàn dé láti Òjóò láìpẹ́, tẹ odidi ìwé kan jáde lórí gírámà Yorùbá ní 1966. Ẹni tó bá ń sọ pé èdè wa kò ní gírámà kò tíì ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò.

Ibí yìí ni "I didn't went" ti ń wá. Ọmọ náà ti gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ àmì àná lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ó wá ń fi í sí gbogbo ibi tó bá rí. Ṣùgbọ́n "did" ti ru ẹrù yẹn ná. "Do" tó ti di àná ni "did" fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti wọ inú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e á sọ ẹrù kalẹ̀, á padà sí bí wọ́n ṣe bí i: "I did not go." Wò ó dáadáa, ìṣe Yorùbá gan-an nìyẹn: "Èmi kò lọ." Ẹrù kan, orí kan. Bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún ọmọ, mo gbà pé yóò tètè yé e ju kí wọ́n máa fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tiẹ̀ gbà pé "-ed" tó wà lẹ́yìn "walked" àti "washed" ti ara "did" yìí kan náà wá, pé ó rìn títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn bí ọmọ tí a pọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá náà máa ń pa ohùn dà? Sọ ọ́ síta: "Mo rà á." Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Wá sọ pé, "Mo ra ẹ̀wà." Ó ti gòkè sí ohùn àárín. A ń sọ pé "mo kà á", ṣùgbọ́n "mo ka ìwé". "Wọ́n sè é", ṣùgbọ́n "wọ́n se ẹran". Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ti pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ tó gba ìṣe rẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè. Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì mọ lẹ́tà kan lójú ń ṣe èyí láìronú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí àwọn ọmọ Yorùbá kò gba ọ̀rọ̀ tó ń yí padà.

Lọ́jà Ṣáṣá, tí kò jìnnà sí Òjóò, níbi tí tòmátì àti ata ti ń ti Òkè Ọya sọ̀kalẹ̀, o lè gbọ́ ọ̀nà mẹ́rin tí èèyàn ń gbà sọ̀rọ̀ nípa àná láàárín wákàtí kan. Yorùbá fi "lọ" sílẹ̀ bó ṣe wà. Hausa ní tiwọn, ọ̀rọ̀ tó dúró fún olùṣe ni wọ́n ń yí: "na tafi" ni mo lọ, "zan tafi" ni n ó lọ. Igbo máa ń so nǹkan mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe, kí "ga" lè di "gara". Ti Pidgin ló jọ mí lójú jù. "I don go." "I bin go." Ṣé o mọ ibi tí "don" àti "bin" ti wá? "Done" àti "been" ni wọ́n, méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ olórí kunkun, àwọn tí kì í gba "-ed", tí tíṣà fi ń nà wá. Àwọn tó dá Pidgin sílẹ̀ kó gbogbo yíyí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì dànù, wọ́n ṣa méjì yìí nílẹ̀, wọ́n gbé wọn síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi tí Yorùbá ń gbé "ti" sí. Ọgbọ́n ńlá ni.

Tẹ́tí sí ara rẹ náà bí o bá ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá. "Mo ti forget" lò ń sọ, o kì í sọ pé "mo ti forgot". Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ ilé wa, òfin ilé wa ló ń tẹ̀ lé.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù, olórí kunkun ni gbogbo wọn? Be, have, do, go, say, can, will, see, take, get: kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ń gba "-ed" bó ṣe yẹ. Kì í ṣe èèṣì. Ní 2007, Erez Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n kó ọ̀rọ̀-ìṣe 177 jọ tó jẹ́ olórí kunkun nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ wọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi dé sànmánì àárín, 145 ló kù. Lónìí, 98 péré ni. Àwọn yòókù ti lọ bá "-ed". Wọ́n wá rí i pé bí èèyàn bá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ tó ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó: èyí tí a kò lò tó èkejì rẹ̀ ní ìlọ́po 100 yóò tètè gba "-ed" ní ìlọ́po 10. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ tó bá ń gbọ́ "went" láti àárọ̀ di alẹ́ yóò mọ̀ ọ́n kó tó mọ ẹsẹ̀ rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ni yóò fi rántí ohun tó yàtọ̀ nípa rẹ̀? Yóò lẹ "-ed" mọ́ ọn, ọmọ rẹ̀ yóò sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà sọ pé "wed" ni wọ́n rò pé ó kàn.

"Help" jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ti lọ. "Holp" àti "holpen" ni wọ́n ń lò nígbà kan. Bí o bá ní Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 nílé, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọba James pè, ṣí orí kìíní Lúùkù, wàá rí "holpen" níbẹ̀ nínú orin Màríà. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ka ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì tọrọ gáfárà pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Òkú ọ̀rọ̀ ni, tí wọ́n sin sínú ìwé mímọ́.

Mo wá padà sórí "teach" tèmi. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí ìdáhùn, ó sì mú kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣé o mọ̀ pé "teach" àti "reach" jọ ń ṣe bákan náà láyé àtijọ́? "Teach" ń di "taught", "reach" ń di "raught". Shakespeare lo "raught" nínú àwọn eré rẹ̀. "Reach" ló fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó lọ bá "-ed", tó di "reached". "Teach" ló dúró sí ilé bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí mo ṣe fún "teach" nínú ìwé mi lọ́jọ́ náà, òun gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe fún "reach" ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Àwọn tó ni èdè ṣe é, ó di òfin. Ọmọ Òjóò ṣe é, ó di pàṣán.

"Gh" tó wà nínú "taught", "brought" àti "thought" náà ní ìtàn. Wọ́n ń pè é nígbà kan rí, ìró tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ họ ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn jẹ́ ọmọ ìyá Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń pe tiwọn: "brachte" ni wọ́n ń pe "brought", "dachte" ni "thought". Ìró náà ti kú lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń tẹ̀wé ni kò jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ kú. Àwọn ará Jámánì yìí kan náà ń sọ pé "trinken, trank, getrunken", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ pé "drink, drank, drunk". Fáwẹ́lì inú wọn ń yí bákan náà, torí pé ogún ìdílé ni, tí wọ́n ti pín kí Gẹ̀ẹ́sì tó kọjá òkun dé Bìrìtìkó ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ tó bá sọ "drank" ní Òjóò ń fọwọ́ kan ohun tó dàgbà ju ìwé kíkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwọn kan tiẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì. "Digged" ni Bíbélì 1611 ń lò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni "dug" gbajúmọ̀. "Wear" ń gba "-ed" láyé àtijọ́ kó tó di "wore". "Catch" kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Faransé ló ti wá, síbẹ̀ nígbà tó dé, ó wọ aṣọ onílé, ó di "caught". Àjèjì tó mọ àṣà ju onílé lọ.

Cut, put, shut, hit, cost: àwọn tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, torí wọn kì í yí. "T" tó wà ní ìdí wọn ló gbé "t" àná mì.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ òyìnbó náà ń sọ "goed"? Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jean Berko ló tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1958 ní Amẹ́ríkà. Ó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé, ó ní kí àwọn ọmọdé sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi "-ed" sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ rí. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ọmọ òyìnbó máa ń kọ́kọ́ sọ "went" dáadáa. Bó bá dàgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "goed". Òbí tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ń padà sẹ́yìn. Iwájú ló ń lọ. Ó ti rí òfin tó wà nínú èdè fúnra rẹ̀, ó wá ń lò ó kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà "went" á padà, kò sì ní lọ mọ́.

Àwọn àgbà wọn náà ṣì í. Ní 1762, Robert Lowth, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tẹ ìwé gírámà kan jáde, ó sì bínú sí bí àwọn òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ "have wrote" níbi tó yẹ kó jẹ́ "have written". Bí akéwì wọn bá lè ṣì í, kí ló dé tí a fi ń fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣẹ̀sín?

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1952, wọ́n fi àwòrán ojú ìwé kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, tòun ti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i? Wọ́n fẹ́ kí ayé rí bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí kò tẹ̀ lé òfin gírámà, ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa tijú rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní yóò mú kí òyìnbó máa fojú kéré wa. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, Raymond Queneau, ti tú u sí Faransé. Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, lo apá púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1997. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ káàkiri ayé.

N kò wí pé kí ọmọ má kọ́ "go, went, gone". Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, torí ìdánwò kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì 50 ló wà. 10 nínú rẹ̀ jẹ́ ti gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi òbìrí yí ká ń gbé ìdajì máàkì lọ. Àṣìṣe 20, máàkì 10 yẹn ti tán. Ohun tí mo ń jà lé lórí ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ wọn.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Fún odidi ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ìwọ òbí, ìwọ tíṣà, bí ọmọ kan bá sáré wọlé lálẹ́ yìí tó ní, "I goed to the shop," jọ̀wọ́, má nà án, má sì pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dá a lóhùn pé, "You went to the shop? What did you buy?" Jẹ́ kó gbọ́ "went" lẹ́nu rẹ lónìí, jẹ́ kó tún gbọ́ ọ lọ́la. Bó bá dáhùn tán, bi í ní Yorùbá pé, "Kí lo wá rà?" kó lè gbọ́ èdè méjèèjì lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.